Endwalker: Ṣé Ìtàn Náà Parí Dáadáa?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Ìtàn bíbẹ̀rẹ̀ kò ṣòro, ọmọdé pàápàá lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ibi tí a óò parí rẹ̀ sí gan-an ni iṣẹ́ wà. Àlọ́ tí àwọn ìyá wa ń pa fún wa lálẹ́, bó ti wù kó gùn tó, ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló ń kẹ́yìn, gbogbo wa la sì máa ń mọ̀ bí ẹ̀kọ́ ọ̀hún kò bá bá ìtàn mu. Ìwọ̀n yìí ni mo fẹ́ fi wọn Endwalker lónìí. Òun ni apá tó kádìí ìtàn ńlá inú eré orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Final Fantasy XIV.

Ẹni tí kò bá mọ irú eré yìí lè rò pé eré ọmọdé ni. Rárá o. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń pàdé nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Oníkálukú á dá èèyàn tirẹ̀, á sọ ọ́ lórúkọ, á yan iṣẹ́ fún un: jagunjagun, oníṣègùn, apẹja, alágbẹ̀dẹ. Owó oṣooṣù ni wọ́n ń san. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ni eré ń fi apá tuntun kún ìtàn rẹ̀, bí ìgbà tí òǹkọ̀wé bá ń kọ ìwé kìíní, ìwé kejì, ìwé kẹta.

Square Enix, ilé iṣẹ́ kan ní Japan, ló ni ín. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde ní 2010, ó bàjẹ́ débi pé wọ́n ní láti tọrọ àforíjì ní gbangba. Wọ́n pààrọ̀ ọ̀gá tó ń darí rẹ̀, wọ́n fi Naoki Yoshida síbẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, wọ́n ti eré àkọ́kọ́ náà pa pátápátá, wọ́n sì tún un kọ́ láti ìpìlẹ̀. Oṣù kẹjọ ọdún 2013 ló tó tún jáde. Heavensward tẹ̀lé e ní 2015, Stormblood ní 2017, Shadowbringers ní 2019. Endwalker wá dé ní oṣù kejìlá ọdún 2021, ó ní òun ni yóò parí ọ̀rọ̀ Hydaelyn àti Zodiark, àwọn òrìṣà méjì tí ìtàn náà ti ń yí po látọjọ́ yìí.

Èrò wá rọ́ dé bí èrò ọjà Oyíǹgbò. Àwọn èèyàn ń tò fún wákàtí mélòó kan kí wọ́n tó ráyè wọlé. Ó pọ̀ débi pé ilé iṣẹ́ náà dá títà eré ọ̀hún dúró fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì fún àwọn oníbàárà wọn ní ọjọ́ ọ̀fẹ́ láti fi pẹ̀tù sí wọn nínú. Àwa tó ń tò nítorí epo bẹntiróòlù, ẹ wá wo àwọn tó ń tò nítorí òpin ìtàn! Àmọ́ mo mọ ohun tó fà á. Ẹni tó ti bá ìtàn rìn fún ọdún mẹ́jọ, ó fẹ́ mọ̀ bóyá òun kò fi àkókò òun ṣòfò.

Kí wá ni ìtàn náà? Ayé fẹ́ parẹ́ ni. Ní ilẹ̀ Thavnair, ẹni tí àìnírètí bá borí rẹ̀ á di ẹranko burúkú lójú ẹsẹ̀, á sì dojú kọ àwọn ará ilé rẹ̀. Ìbẹ̀rù fúnra rẹ̀ wá di àjàkálẹ̀ àrùn. Ẹ rántí pé ayé ò tíì bọ́ lọ́wọ́ kòrónà nígbà tí eré yìí jáde. Apẹja kan wà níbẹ̀, Matsya lórúkọ rẹ̀. Kì í ṣe akọni rárá, ẹ̀rù ń bà á bó ṣe máa ba èmi àti ẹ̀yin. Ọmọ ọwọ́ tí kò lóbìí mọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́, ó sì ní láti gbé e sá. Bó bá fi ara fún ìbẹ̀rù pẹ́nrẹ́n, òun àti ọmọ náà gbé. Bó ṣe ń sáré ló ń ṣìpẹ̀ fún ọkàn ara rẹ̀. Mo ti rí ogun oríṣiríṣi nínú eré yìí, kò sí èyí tó mú mi láyà tó eré sísá ọkùnrin yìí.

Garlemald ni wọ́n tún ṣe dáadáa. Ilẹ̀ ọba ni, ó ti kó ọ̀pọ̀ ìlú lẹ́rú láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn. Nísinsìnyí ó ti wó, àwọn ará ibẹ̀ wà nínú yìnyín, ebi ń pa wọ́n. Àwọn akọni wa gbé oúnjẹ àti oògùn lọ. Ṣé ẹ rò pé wọ́n kí wọn káàbọ̀? Wọn ò gbà. Ẹni tó bá ọ jagun lánàá tó wá gbé àwo oúnjẹ dání lónìí, ta ni yóò fi ọkàn tán an? Quintus, balógun wọn, gbà níkẹyìn kí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lọ gba ìrànlọ́wọ́, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ yàn láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Eré náà kò bú u, kò sì yìn ín. Ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dùn wá bó ti yẹ kó dunni. Nínú yìnyín yìí kan náà ni ọ̀tá ti gba ara akọni, tí wọ́n sì ju ẹ̀mí rẹ̀ sínú ara ọmọ ogun lásán. Ìwọ tó ti ń pa dírágónì, o ò lè na ajá mọ́. Ò ń wọ́, ò ń rá kòrò, agbára ti tán. Ohun tí àtẹ àti ọwọ́ lè ṣe tí ìwé kò lè ṣe nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ìdí ọ̀rọ̀. Natsuko Ishikawa, ọ̀gá nínú àwọn tó kọ ìtàn náà, gbé ìbéèrè kan ka iwájú. Láyé àtijọ́, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Hermes dá ọmọbìnrin kan tó dà bí ẹyẹ, Meteion, pẹ̀lú àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó rán wọn sí àárín ìràwọ̀ pé kí wọ́n lọ bi àwọn ará ibẹ̀: kí lẹ̀ ń tìtorí rẹ̀ wà láàyè? Òkú ayé ni wọ́n bá. Ogun ti pa àwọn kan run. Àwọn mìíràn ní gbogbo nǹkan, ayé wá sú wọn. Àwọn kan rí i pé ọ̀run àti ìràwọ̀ pàápàá yóò kú lọ́jọ́ kan, ni wọ́n bá sọ̀rètí nù. Meteion wá parí èrò rẹ̀ sí pé ìyà ni wíwà láàyè, àánú ni kí òun pa gbogbo wa rẹ́.

Àwa tí bàbá wa ti sọ fún pé ayé lọjà, ọ̀run nilé, ìbéèrè yìí kò ṣàjèjì sí wa. A mọ̀ pé ọjà á tú. Ohun tí a ń bèèrè ni pé kí nìdí tá a fi ń ná an. Endwalker kò purọ́ pé ọjà kò ní tú. Ó ní kí a rìn ín pẹ̀lú àwọn tí a jọ wá. Nígbà tí a bá dé Ultima Thule, ní ìpẹ̀kun ohun gbogbo, a ó máa rìn láàárín òjìji àwọn ayé tó ti kú, orin Masayoshi Soken á sì máa tẹ̀lé wa. Ní 2020, àrùn jẹjẹrẹ ṣe ọkùnrin yìí, ó ń gba ìtọ́jú ó sì ń ṣiṣẹ́ eré yìí lọ, ọdún tó tẹ̀ lé e ló tó sọ fáráyé. Ẹni tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ á gbọ́ orin náà tọkàntọkàn.

Ibi tó kù sí ńkọ́? Ó wà. Àwọn ọ̀rẹ́ akọni méje ló fi ara wọn rúbọ ní ìrìn yìí, a dágbére fún wọn, omi bọ́ lójú. Kí ló tún ṣẹlẹ̀? Gbogbo wọn padà wá, ara dá ṣáṣá. Èmi ò ní kí wọ́n pa wọ́n dandan. Ṣùgbọ́n ìtàn tó ń kọ́ wa pé àdánù wà tí kò lójútùú, kò yẹ kó dá gbogbo gbèsè wa padà bẹ́ẹ̀. Ìdágbére tí kò náni ní nǹkan kan, kí la fẹ́ kọ́ níbẹ̀?

Èkejì ni Venat. Nígbà tí àwọn èèyàn rẹ̀ fẹ́ fi àwọn ẹ̀dá tuntun rúbọ kí òkú wọn lè padà, ó kọ̀, ó di Hydaelyn, ó sì fọ́ ayé àti àwọn ará ayé sí mẹ́rìnlá. Ó ní kí wọ́n lè mọ bí a ti í fara da ìyà ni. Wọ́n fi hàn wá bó ṣe ń dá rìn nínú òkùnkùn, ó rẹwà, ó bani nínú jẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló bi àwọn tó fọ́ léèrè? Kò sẹ́ni tí wọ́n jẹ́ kó rojọ́ tako o délẹ̀. Eré náà fẹ́ràn ìyá yìí ju kó dá a lẹ́jọ́ lọ. Àwa mọ àwọn aláṣẹ tó ń ní kí mẹ̀kúnnù fara da tòní nítorí ire ọ̀la. Bí ẹni náà tilẹ̀ jẹ́ ìyá wa, ó yẹ ká bi í léèrè.

Ẹ̀kẹta, wọ́n tètè fi Garlemald sílẹ̀. Àwọn ìlú tí ilẹ̀ ọba yìí kó lẹ́rú, tí a jà fún nínú Stormblood, ó yẹ kí ohùn wọn pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ tí ọ̀gá wọn ṣubú.

Síbẹ̀, bí ẹ bá bi mí, màá ní ìtàn náà parí dáadáa. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá ohun tó ti ń sọ bọ̀ mu: àìnírètí kì í gbọ́ àríyànjiyàn, ẹni tó bá ń fà ọ́ lọ́wọ́ ló ń gbọ́. Matsya ti fi hàn wá tipẹ́ ká tó dé ìpẹ̀kun ọ̀run. Ilé iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn mìíràn o, Dawntrail jáde ní 2024, torí bí a ò bá kú, ìṣe ò tán. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ dúró síbi Endwalker lè dúró. Yoshida fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ rí pé kò burú kí èèyàn fi eré náà sílẹ̀, kó lọ ṣe nǹkan mìíràn, kó padà nígbà tó bá wù ú. Ẹni tó bá sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀, láti 2023 ni apá ọ̀fẹ́ rẹ̀ ti dé òpin Stormblood. Kó má fo ohunkóhun o. Ẹni tí kò bá bá wọn jẹ ìyà ọ̀nà, kò ní mọ ìdí tí àwa fi sunkún nígbà tá a dé ilé.