Ẹ̀rù, Ìfòyà àti Àbámọ̀: Àyẹ̀wò Èrò Àwọn Agbágéèmù nípa Dead Space 2

Ìfáárà

Láti ìgbà tí Dead Space 2 ti jáde ní oṣù kìíní ọdún 2011 ni àríyànjiyàn kan ti wà láàrin àwọn agbágéèmù, tí kò sì tíì tán nílẹ̀ títí di òní. Àwọn kan gbà pé òun ni ó ta yọ jù nínú àwọn géèmù adẹ́rùbani tí ìtàn wọn dá lórí sáyẹ́ǹsì. Àwọn mìíràn gbà pé ó dùn ún gbá lóòótọ́, ṣùgbọ́n pé ẹ̀rù rẹ̀ kò tó ti apá kìíní tí ó jáde ní 2008. Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí ni pé ẹ̀rí kan náà ni ìhà méjèèjì sábà máa ń tọ́ka sí: Isaac Clarke, olú ẹ̀dá-ìtàn, tí kò sọ ọ̀rọ̀ kan nínú apá kìíní, ti lahùn nínú apá kejì.

Nínú iṣẹ́ yìí, a óò yẹ èrò ìhà méjèèjì wò. Èrò tiwa ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìyẹn ẹ̀rù, ni àwọn agbágéèmù fi ń pe oríṣiríṣi nǹkan tí kò jọra. Bí a bá fi àwọn ọ̀rọ̀ tí èdè Yorùbá ti ní nílẹ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀, yóò hàn pé ohun tí àwọn kan ń pè ní àbùkù géèmù náà gan-an ni agbára rẹ̀ wà.

Ìtàn náà ní ṣókí

Ilé-iṣẹ́ Visceral Games, lábẹ́ Electronic Arts, ni ó ṣe géèmù yìí. Orúkọ olú ẹ̀dá-ìtàn fi ìran tí ó ti wá hàn: Isaac Asimov àti Arthur C. Clarke, àwọn òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì méjì, ni wọ́n fi sọ ọ́. Kì í ṣe ọmọ ogun, ẹnjiníà ni. Nínú apá kìíní, ní ọdún 2508, wọ́n rán òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ tún Ishimura ṣe, ọkọ̀ òfurufú ńlá kan tí ó ń fọ́ pílánẹ́ẹ̀tì láti wa kùsà inú rẹ̀. Nicole, olólùfẹ́ rẹ̀ tí ó jẹ́ dókítà, wà nínú ọkọ̀ náà. Ìgbà tí wọn yóò fi dé ibẹ̀, òpó abàmì kan tí a ń pè ní Marker ti da orí àwọn òṣìṣẹ́ rú, ó sì ti sọ òkú wọn di Necromorph, ẹ̀dá tí ara rẹ̀ ti yí padà di ohun ìpànìyàn.

Nínú apá kejì, ọdún mẹ́ta ti kọjá. Isaac jí ní ilé ìwòsàn ní Sprawl, ìlú ńlá tí wọ́n kọ́ sórí àfọ́kù Titan, òṣùpá Saturn. Wọ́n ti de ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ọn lára bí a ti ń de wèrè. Kò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàrin ọdún mẹ́ta náà. Ohun tí yóò wá hàn ni pé Marker ti kọ nǹkan sí ọpọlọ rẹ̀, àwọn aláṣẹ, tí Tiedemann jẹ́ olórí wọn, sì ti ń fa ìmọ̀ náà yọ láti fi kọ́ Marker tuntun.

Ìtagìrì, ìpayà àti ìfòyà

Nígbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lójijì tí ara ẹni bù jáde, Yorùbá a ní ẹni náà ta gìrì. Ìtagìrì kì í pẹ́. Ojú ẹ̀ṣẹ́ ni ó ń wá tí ó sì ń lọ. Ìpayà yàtọ̀: ewu ti dé, ọwọ́ ń gbọ̀n, iṣẹ́ sì wà láti ṣe. Ìfòyà ni ti ẹni tí kò tíì rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n tí ọkàn rẹ̀ ti mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀. Ẹni tí ó bá kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan kò ní lè sọ ibi tí apá kejì ti dín kù àti ibi tí ó ti pọ̀ sí i.

Ní ti ìpayà, apá méjèèjì dọ́gba, nítorí pé ìlànà ìjà kan náà ni wọ́n ń lò. Yíyìnbọn sí orí Necromorph kò tó láti pa á. Apá àti ẹsẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ gé. Irinṣẹ́ awakùsà ni Plasma Cutter tí Isaac kọ́kọ́ ń lò, kì í ṣe ìbọn ológun. Iye ẹ̀mí tí ó kù fún un kò hàn ní igun ojú tẹlifíṣọ̀n bí ti géèmù mìíràn. Iná orí ọ̀pá ẹ̀yìn aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń fi í hàn. Bí agbágéèmù bá ṣí àpò láti wá oògùn, ọ̀tá kò ní dúró dè é. Nítorí náà, ohun tí géèmù ń béèrè ni pé kí ènìyàn fara balẹ̀ ṣe iṣẹ́ ẹnjiníà nígbà tí ikú ń sáré bọ̀. Àwọn agbágéèmù fẹnu kò pé apá kejì tilẹ̀ tún ìlànà yìí ṣe: ìrìn Isaac fúyẹ́ sí i, ó sì lè fò káàkiri níbi tí nǹkan kò ti ní ìwúwo, dípò kí ó máa fò láti ògiri kan sí èkejì bíi ti àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ ìfòyà ni ó dá ìjà sílẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ apá kìíní ní kò sí ìdákẹ́rọ́rọ́ mọ́, pé ilé ń wó, ọkọ̀ ń já, ohùn ń sọ láti gbogbo ìhà. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè kan: kí ni a óò wí nípa orí kẹwàá?

Ní orí kẹwàá, ọ̀nà Isaac já sí inú Ishimura. Wọ́n ti wọ́ ọkọ̀ náà wá sí Sprawl, àwọn òṣìṣẹ́ sì ti ń fọ̀ ọ́. Wọ́n ti fi ọ̀rá funfun bo ara ògiri. Iná àkànṣe tí wọ́n fi ń wá ẹ̀jẹ̀ ń fi ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn rí hàn. Ẹni tí ó gbá apá kìíní mọ gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí. Ó mọ igun tí nǹkan ti bẹ́ jáde sí i ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Ó gbé irinṣẹ́ rẹ̀ sókè, ó ń dúró. Kò sí nǹkan kan. Ó rìn síwájú. Kò sí nǹkan kan síbẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́, àwọn aṣègéèmù kò rán ọ̀tá kankan sí i. Ẹni tí ejò bá bù ṣán rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Níhìn-ín, ekòló pàápàá kò sí, àwọn agbágéèmù sì ń sá. Ìfòyà pátápátá ni èyí, kò sì ṣeé ṣe nínú apá kìíní, nítorí pé ìrántí agbágéèmù fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é.

Ojú lọ̀rọ̀ wà

A dé orí ẹ̀sùn tí ó tóbi jù. Nínú apá kìíní, Isaac kò sọ̀rọ̀, akoto rẹ̀ sì bo ojú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin. Àwọn tí ó fẹ́ràn èyí sọ pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà fi àyè sílẹ̀ fún wọn: àwọn ni wọ́n di Isaac. Nínú apá kejì, Gunner Wright ni ó fún un ní ohùn. Isaac ń bínú, ó ń ṣépè, ó ń bẹ̀bẹ̀. Akoto rẹ̀ sì máa ń ká kúrò kí a lè rí ojú rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí ó bá ti lè fèsì kò dá wà mọ́, àti pé ẹni tí kò dá wà kì í bẹ̀rù.

Èsì wa ni pé ẹ̀dá-ìtàn tí kò lè sọ̀rọ̀ kò lè jẹ́wọ́. Isaac ni ó gba Nicole níyànjú kí ó gba iṣẹ́ inú Ishimura. Nínú apá kìíní, ó ń wá a kiri láìmọ̀ pé ó ti kú. Àwọn aṣègéèmù sì fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ sójú táyé, nítorí pé bí a bá to lẹ́tà tí ó bẹ̀rẹ̀ àkọlé orí méjèèjìlá inú géèmù náà, gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ‘Nicole ti kú’ ni yóò jáde. Nígbà tí Isaac mọ̀, géèmù ti ń parí lọ. Kò sí àyè láti ṣọ̀fọ̀.

Ọ̀fọ̀ tí kò ṣe náà ni apá kejì dá lé. Yorùbá a máa dágbére fún òkú pé ó di àrìnnàkò, ó di ojú àlá. Ìṣòro Isaac ni pé òkú tirẹ̀ kò dúró sí ojú àlá. Nicole ń yọ sí i ní ọ̀sán gangan, ìmọ́lẹ̀ ń tàn lójú àti lẹ́nu rẹ̀, ó ń pè é ní ẹlẹ́bi. Ohun tí Isaac ń bẹ̀rù kì í ṣe pé kí Nicole pa á. Ó ń bẹ̀rù pé bí òun bá jẹ́ kí ó lọ, kò ní sí ohunkóhun mọ́ fún òun. Èyí kì í ṣe ìtagìrì, kì í ṣe ìpayà, kì í sì í ṣe ìfòyà. Àbámọ̀ ni, ọjọ́ tí ó ti kọjá ni àbámọ̀ sì ń wò. Àwọn tí ó wá ẹ̀rù ohun tí ń bọ̀ kò rí i, nítorí pé ẹ̀yìn ni ó wà.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan wà ní ilé ẹ̀kọ́ ọmọdé inú Sprawl tí ó fi ìdí èyí múlẹ̀. Láti ẹ̀yìn gíláàsì, a rí obìnrin kan tí ó kúnlẹ̀, tí ó na ọwọ́ sí ọmọ ìkókó kan tí ń rá bọ̀. Ọmọ náà kì í ṣe ọmọ mọ́. Obìnrin náà gbé e mọ́ra, ó sì bú gbàmù. Ọ̀pọ̀ agbágéèmù rántí ìṣẹ̀lẹ̀ yìí fún ìwà ìkà rẹ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó pa obìnrin náà: ìfẹ́ tí kò gbà pé ẹni tí òun fẹ́ràn ti kú. Ohun tí Isaac ń ṣe sí Nicole nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Nolan Stross, aláìsàn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó ti pa ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ nígbà tí orí rẹ̀ dàrú, ni òdìkejì rẹ̀: ẹni tí àbámọ̀ ti borí. Láàrin àwọn méjèèjì yìí ni Isaac ti gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà tirẹ̀.

Ibi tí àwọn olùtakò ti jàre

A kò ní ṣe ojúsàájú. Ní àwọn orí tí ó gbẹ̀yìn, àwọn ọ̀tá pọ̀ débi pé ìfòyà kú pátápátá. Sísá nìkan ni ó kù. Ìjà ẹlẹ́gbẹ́-ń-bẹ́gbẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi kún un kò ní ohun kan ṣe pẹ̀lú ìtàn náà. Ìpolówó rẹ̀ tilẹ̀ burú jù. Wọ́n kó àwọn ìyá jọ, wọ́n fi ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ jù nínú géèmù hàn wọ́n, wọ́n sì fi ìríra ojú wọn polówó ọjà, pé bí ìyá rẹ bá kórìíra rẹ̀, ìwọ yóò fẹ́ràn rẹ̀. Ìpolówó náà kọ́ àwọn agbágéèmù láti máa retí ìtagìrì nínú iṣẹ́ tí ọ̀fọ̀ jẹ́ kókó rẹ̀. Bí àwọn kan kò bá rí ohun tí ó wà níbẹ̀, ẹni tí ó ta á fún wọn ni ó kọ́kọ́ jẹ̀bi.

Àgbálọgbábọ̀

Nígbà tí géèmù ń lọ sí òpin, Isaac jókòó sí abẹ́ ẹ̀rọ kan, agbágéèmù sì gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ darí abẹ́rẹ́ wọ inú ojú Isaac. Bí ọwọ́ bá ṣì í, Isaac kú. Ní àkókò yìí, ó ti gbà níwájú Nicole pé ó ti kú. Kò sí ọ̀tá ninu yàrá náà, kò sì sí ohun tí yóò bẹ́ jáde. Ẹni tí ó sọ pé Isaac tí ń sọ̀rọ̀ kò lè dẹ́rù bani, kí ó rántí bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe gbọ̀n níbẹ̀. Ènìyàn ni ó ń gún, kì í ṣe akoto.

Ìparí rẹ̀ tún fi apá kìíní ṣe àwòjíìjí. Nínú ti àkọ́kọ́, Isaac sá àsálà nínú ọkọ̀, ó wo ẹ̀gbẹ́, òkú Nicole sì fò mọ́ ọn. Nínú apá kejì, ó jókòó sínú ọkọ̀ tí Ellie Langford fi wá gbà á, ó rọra yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ bíi ti ìṣáájú. Ellie ni ó wà níbẹ̀, alààyè, kò sì sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Agbágéèmù tí ó ti mura sílẹ̀ de ìtagìrì wá rí i pé wọ́n fún òun ní àlàáfíà.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Motive tún apá kìíní ṣe ní 2023, wọ́n fún Isaac ní ohùn, Gunner Wright náà ni wọ́n sì pè. Èyí kò fi hàn pé àwọn tí ó fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ẹ́ àtijọ́ ṣì í ṣe. Ó fi hàn pé lẹ́yìn apá kejì, ó ti nira láti ronú nípa ìtàn Isaac gẹ́gẹ́ bí ìtàn ẹni tí kò ní ohun tí yóò sọ. Àbá wa fún lámèyítọ́ tí yóò bá yẹ irú iṣẹ́ yìí wò ni pé kí ó má ṣe dúró sórí ìbéèrè pé báwo ni ó ṣe ba ènìyàn lẹ́rù tó. Kí ó béèrè irú ẹ̀rù tí ó jẹ́, àti ẹni tí a ń bẹ̀rù láti pàdánù.