Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Àwòrán Òṣèré Nínú Ìwé Eré

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí a bá gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́, kí ló dé tí a fi ń tẹ eré orí ìtàgé sínú ìwé láìsí ojú àwọn tó sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀? Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní yunifásítì mọ̀ pé èdè ni iṣẹ́ mi, kì í ṣe iṣẹ́ ọnà. Ṣùgbọ́n èdè gan-an ló fà mí dé ìdí àwòrán, ẹ sì máa rí bó ṣe jẹ́ láìpẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gba òkèèrè wá. Ní ọdún 1769, àlùfáà ìjọ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ James Granger tẹ ìwé kan jáde lórí ìtàn àwọn ẹni ńlá ilẹ̀ náà, ó sì to àwọn àwòrán wọn tó wà níta lẹ́sẹẹsẹ fún ẹni tó bá fẹ́ wá wọn. Àwọn olówó tó ra ìwé náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwòrán kiri. Wọ́n á tú ìwé palẹ̀, wọ́n á lẹ àwòrán sáàárín ojú ewé, wọ́n á tún un dì, títí ìwé kan ṣoṣo á fi di mẹ́ta, mẹ́rin. Orúkọ Granger náà ni wọ́n padà fi pe àṣà yìí lẹ́yìn tó ti kú. Àwọn tó fẹ́ràn eré orí ìtàgé ò gbẹ́yìn níbẹ̀. Augustin Daly, tó ni ilé eré ní New York, tó kú ní 1899, jẹ́ ògbóǹtagí nínú kíkó irú ìwé báyìí jọ. Inú wọn lèèyàn ti ń rí àwòrán òṣèré tí wọ́n fi ọ̀dà olómi kùn: òṣèré á dúró nínú aṣọ eré, á na apá kan, ojú rẹ̀ á kọjú sí ẹni tí a ò rí. Samuel De Wilde ni ọ̀gá nídìí irú àwòrán yìí ní Lọ́ńdọ̀nù, òun náà ló sì ya púpọ̀ nínú àwọn tí John Bell ń tẹ̀ sínú ìwé eré rẹ̀ ní àwọn ọdún 1790.

Àwòrán wọ̀nyẹn dára, mi ò jiyàn. Ọ̀dà olómi kì í jẹ́ kí ayàwòrán pẹ́ lórí nǹkan. Bí ó ṣe fi kàn án ló ṣe máa wà, ìyẹn ló sì jẹ́ kí òṣèré náà dà bí ẹni tó fẹ́ mira. Ṣùgbọ́n jàrá ni wọ́n. William Shakespeare ti kú láti 1616; David Garrick, tó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn tó ṣe Hamlet, 1717 ni wọ́n bí i. Ẹ yọ ojú Garrick kúrò nínú Hamlet, ọ̀rọ̀ kankan ò dín níbẹ̀. Bí ìyá ọlọ́jà bá gbàgbé jàrá, ẹ̀wà tí a fowó rà ṣì pé.

Ṣé jàrá náà ni àwòrán òṣèré nínú eré tiwa? Níbi tí mo ti yapa sí àwọn tó ń tẹ ìwé wa nìyẹn.

Láti ìgbà tí Hubert Ògúndé ti bẹ̀rẹ̀ eré rẹ̀ ní 1944, ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ẹgbẹ́ alárìnká wa ni kò ní ìwé lọ́wọ́. Ọ̀gá á sọ ìtàn, á pín ipa fún kálukú, ẹnu òṣèré ni ọ̀rọ̀ á ti jáde. Bí ẹni tó ń ṣe ìyàwó àgbà bá ní òwe lẹ́nu lálẹ́ òní, ó wọ inú eré nìyẹn. Bó bá lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn lọ́la, òwe náà bá a lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ọ̀mọ̀wé tó gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wá. Inú téèpù ni R. G. Armstrong àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ Ọba Kò So tí Dúró Ládiípọ̀ gbé jáde ní Òṣogbo ní 1963, tó sì gbé dé Berlin ní 1964. Bẹ́ẹ̀ náà ni Karin Barber àti Báyọ̀ Ògúndíjọ ṣe tẹ eré mẹ́ta ti ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí jáde ní 1994. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ nínú irú eré yìí wà lára àwọn tó kọ ọ́. Àwòrán rẹ̀ kì í ṣe àwòrán ẹni tó yá ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn sọ. Àwòrán òǹkọ̀wé ni.

Ó ku ti èdè. Ẹ wo gbólóhùn kékeré yìí: “O káre.” Bí ìyá bá sọ ọ́ fún ọmọ tó jí gbálẹ̀, ìyìn ni. Bí ìyálé bá sọ ọ́ fún ìyàwó tó da omi ẹ̀kọ nù, èébú gidi ni, ẹlòmíì sì lè sunkún nítorí rẹ̀. Ohùn orí ìwé ò yàtọ̀: àmì kan náà la máa fi sí i nígbà méjèèjì. Ètè tó yọ síwájú, ojú tí a fi wo èèyàn láti òkè dé ilẹ̀, àyà tí ọwọ́ ká mọ́, ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní fónẹ́tíìkì, mo mọ ohun tí àmì ohùn lè ṣe. Kò lè ṣe èyí. Ìwé lè sọ fún wa pé ọkùnrin kan wọlé. Kò ní sọ bó ṣe wọlé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wo Oyin Adéjọbí mọ̀ pé ó máa ń tiro, ẹ sì mọ̀ pé bó bá jókòó bí adájọ́ nínú Kóòtù Aṣípa lórí tẹlifíṣọ̀n, ojú àti ohùn nìkan ló fi ń pàṣẹ. Èwo nínú ìyẹn lẹ lè rí ká nínú ìwé?

Kì í ṣe gbogbo eré ni mo ń sọ o. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló jókòó kọ ọ́, ó sì pé bó ṣe wà. Nígbà tí Ìyábọ̀ Ògúnṣọlá wá ṣe Ẹfúnṣetán fún ẹgbẹ́ Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá, tí wọ́n sì fi ṣe sinimá ní 1981, jàrá ni ojú rẹ̀ jẹ́ fún ìwé náà, bí ti Garrick. Ṣùgbọ́n jàrá tó pọ̀ ju ọjà lọ! Ẹ bi ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ní agbègbè wa bí Ẹfúnṣetán ṣe rí, ojú obìnrin yẹn ló máa júwe fún yín.

Àwọn tó kọ́kọ́ lóye ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àwa ọ̀jọ̀gbọ́n. Àwọn tó ń ṣe ìwé ìròyìn Atọ́ka ni. Ẹ rántí Atọ́ka, àbí? Eré àwọn ẹgbẹ́ alárìnká ni, wọ́n ya fọ́tò àwọn òṣèré bí ìtàn ṣe ń lọ, ọ̀rọ̀ wọn sì wà lára fọ́tò náà, àpótí kan tẹ̀ lé òmíràn. Ní Ìwó àti Ilé-Ogbó, ìwé kan lè kárí agbo ilé mẹ́ta kó tó ya. Ní tèmi o, kò sí ìwé eré Yorùbá tó sún mọ́ eré gan-an tó Atọ́ka, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kà á nígbà náà, a ní ìwé ọmọ ọlọ́jà ni. Àléébù rẹ̀ wà. Orin àti ìlù ti lọ. Fọ́tò a máa gan: òṣèré ti dúró kí wọ́n yà á ni, kì í ṣe pé ó ń bínú lọ́wọ́. De Wilde lè ya ìbínú tó ti kọjá láti inú ìrántí; kámẹ́rà ò lè ya ohun tí kò sí níwájú rẹ̀. Síbẹ̀, “O káre” inú Atọ́ka, ẹ ò ní ṣì í gbọ́.

Àwọn kan tilẹ̀ ṣe ju kíkà lọ. Tíṣà kan tó ti di olóògbé ní Ilé-Ogbó níbí fi ìwé ńlá eléèpo líle kan sílẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì jẹ́ kí n gbé e sọ́dọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó kọ àwọn ọ̀rọ̀ tó wù ú nínú eré tó wò tàbí tó gbọ́ lórí rédíò sínú rẹ̀, ó sì fi sítáàṣì lẹ àwòrán tó gé nínú Atọ́ka, ìwé ìròyìn àti kàlẹ́ńdà mọ́ ẹ̀gbẹ́ wọn. Mi ò rò pé ó gbọ́ orúkọ Granger rí. Nítorí pé dúdú àti funfun ni púpọ̀ nínú àwòrán náà, ó mú ọ̀dà olómi tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò, ó kun aṣọ Ṣàngó lára Dúró Ládiípọ̀ ní pupa, ó kun táì gbàgàdà Baba Sálà ní àwọ̀ ewé. Ọ̀dà pupa ṣàn dé ọwọ́ Ṣàngó níbì kan, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò fọwọ́ kan ojú ẹnikẹ́ni. Mo yẹ ìwé náà wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí ojú kan tó kùn. Mo kà á sí làákàyè ńlá. Bí ọ̀dà bá ti bọ́ sójú, ojú ẹni tó kùn ún ló máa dà.

Ohun tí mo bá a jà lé lórí ni orúkọ. Abẹ́ Ládiípọ̀, “Ṣàngó” ló kọ. Abẹ́ Abíọ́dún Dúró-Ládiípọ̀, “Ọya.” Mósè Ọláìyá di Baba Sálà pátá, pẹ̀lú aago tó gbé kọ́rùn àti awò ojú tí kò ní dígí. Mo mọ ibi tí ìyẹn ti wá. Kí Ògúndé tó dé, abẹ́ aṣọ ni òṣèré wà. Nígbà tí Clapperton wo àwọn alárìnjó ní Ọ̀yọ́ Ilé ní 1826, tí ọ̀kan nínú wọn ṣe bí òyìnbó, ta ló jẹ́ bi í léèrè ẹni tó wà nínú ẹ̀kú? Èèwọ̀ ni. Ní ọdún 1826 yẹn kan náà ni James Northcote ya Ira Aldridge, òṣèré aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí ní New York, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. “Othello” ni wọ́n fi ṣe àkọlé àwòrán náà, kì í ṣe Aldridge. Tiwa ní ìdí, eégún ni. Kí ni tiwọn?

Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Láwàl so “àwòrán” pọ̀ mọ́ ìrántí: ohun tí a wò tí a fi rántí. Àwọn kan máa sọ pé inú “wòran” ló ti wá, bí òǹwòran. Ohùn ò gbè wọ́n. Òkè ni ohùn “rán” inú àwòrán, àárín ni ti “ran” inú wòran. Ti Láwàl ni mo fara mọ́. Ṣùgbọ́n ta la fẹ́ fi rántí, Ọya ni àbí Abíọ́dún? Ọya ò nílò ìrànlọ́wọ́ tíṣà Ilé-Ogbó kó tó wà láàyè. Àwọn olórí ẹgbẹ́ pàápàá, ẹnì kan á ṣì rántí wọn. Àwọn tó kúnlẹ̀ lẹ́yìn ni mo ń sọ, àwọn ìránṣẹ́ ààfin, olorì kejì, ẹni tó ń gbe orin. Ẹnu wọn náà ni a ti kọ ọ̀rọ̀ inú téèpù.

Bí irú ìwé yìí bá wà nílé yín, ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ sẹ́yìn àwòrán, ẹ má fi bírò, torí bírò á hàn síwájú. Nínú ìwé tíṣà yìí, ní ojú ewé kan tí kòkòrò ti jẹ létí, obìnrin kan wà lẹ́yìn ọba, ó fọwọ́ lẹ́rán, ètè rẹ̀ yọ síwájú bí ẹni tó fẹ́ sọ pé “O káre.” Mo ti gbé e fún àgbà márùn-ún wò ní Ilé-Ogbó. Gbogbo wọn ló rántí eré náà, méjì rántí ohun tó sọ. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀.