Shuga Naija: Eré Tó Wọ Ilé Wa Tí Kò Bá Ará Ilé Sọ̀rọ̀

Ó pẹ́ tí àwọn òbí kan ti ń bi wá léèrè nípa eré orí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán tí wọ́n ń pè ní Shuga, èyí tí àwọn ọmọ ń wò lójú fóònù ní kọ̀rọ̀ yàrá. Àwọn mìíràn nínú wọn ti dá ẹjọ́ náà kí wọ́n tó gbọ́ tẹnu ẹlẹ́jọ́: wọ́n ní eré àgbèrè ni, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dárúkọ rẹ̀ nínú ilé Mùsùlùmí. Àwa jókòó tì í, a wo ìpele àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ní Èkó láti apá kìíní dé apá kẹjọ, a sì fẹ́ sọ ohun tí ojú wa rí. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni yóò dùn mọ́ àwọn òbí nínú, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni yóò dùn mọ́ àwọn ọmọ.

Orílẹ̀-èdè Kenya ni wọ́n ti bí eré yìí. Ní oṣù Nọ́ńbà ọdún 2009 ni Shuga ti ìlú Nairobi kọ́kọ́ jáde, apá mẹ́ta péré, láti ọwọ́ iléeṣẹ́ MTV pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ PEPFAR ti Amẹ́ríkà àti UNICEF. Lupita Nyong'o wà nínú rẹ̀, òun ló ṣe Ayira, kí gbogbo ayé tó mọ orúkọ rẹ̀, kí ó sì tó gba ẹ̀bùn Oscar ní ọdún 2014. Wọ́n tún ṣe òmíràn ní Nairobi ní ọdún 2012. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gbé e wá sí Èkó, tí orúkọ rẹ̀ di Shuga Naija, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Disẹ́ńbà ọdún 2013, ọjọ́ tí gbogbo àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ àrùn éèdì.

Ìpele kẹta ni àwọn tó ṣe é pè é. Àwa kà á sí ìpele àkọ́kọ́ eré mìíràn, nítorí eré tó bá ti yí ìlú padà, tó yí òṣèré padà, tó tún yí èdè ẹnu padà, ọmọ ni, kì í ṣe ìyá mọ́. Àwọn àgbà inú wa rántí bí Fuji House of Commotion ṣe yọ lára Checkmate, iṣẹ́ olóògbé Amaka Igwe, tí Chief Fuji àti àwọn ìyàwó rẹ̀ kúrò ní ẹ̀gbẹ́ ìtàn ẹlòmíràn wá di onílé. Bẹ́ẹ̀ náà ni Shuga ti Èkó rí. Leo, tí Nick Mutuma ṣe, wà lára àwọn tó ti Nairobi bá a wá, ṣùgbọ́n àlejò ni ó jẹ́ láàárín àwọn ọmọ onílùú.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ ni wọ́n sì gbé e lé lọ́wọ́. Kemi Adesoye, ẹni tó kọ The Figurine àti Phone Swap fún sinimá, ni àgbà nínú àwọn olùkọ̀tàn rẹ̀. Biyi Bandele ló darí rẹ̀, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kafanchan ní ọdún 1967, tó ti kọ ìwé ìtàn àti eré orí ìtàgé kí ó tó di olùdarí. Ọdún 2013 yìí kan náà ni sinimá rẹ̀, Half of a Yellow Sun, jáde. Ó ti di olóògbé láti oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì ọdún 2022. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò rí ọwọ́ rẹ̀ nínú eré yìí: kì í jẹ́ kí òṣèré pariwo, kì í sì í fi ìlù bò wá mọ́lẹ̀ nígbà tí ó bá fẹ́ kí a sunkún.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ibi tí eré náà ti dára, nítorí ó dára. Àwọn tó dàgbà díẹ̀ nínú wa kò lè gbàgbé oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì ọdún 1997, nígbà tí Fela Anikulapo-Kuti kú, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Olikoye Ransome-Kuti, mínísítà ètò ìlera nígbà kan rí, jókòó síwájú àwọn oníròyìn tó sì sọ gbangba pé éèdì ló wà nídìí ikú àbúrò òun. Fela tí Mushin àti Surulere mọ̀ bí ẹní mọ aládùúgbò! Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbà á gbọ́. Ìdí tí wọn kò fi gbà á gbọ́ ni pé àwòrán kan ṣoṣo ni wọ́n ti fi hàn wọ́n nípa àrùn náà: agbárí òkú lára ògiri ilé ìwòsàn, àti ènìyàn gbígbẹ tó nà gbalaja lórí ẹní. Ẹni tí kò bá tíì gbẹ, kò ní i nìyẹn. Irú ìkìlọ̀ báyìí dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n kò kọ́ni.

Shuga Naija ya àwòrán mìíràn. Femi, tí Emmanuel Ikubese ṣe, ní kòkòrò HIV lára, ṣùgbọ́n arẹwà ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó ń jí, ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Kò sí àmì kankan lójú rẹ̀. Ohun tó wúwo lọ́rùn rẹ̀ ju àìsàn lọ ni ọ̀rọ̀ tí yóò sọ àti ẹni tí yóò sọ ọ́ fún. Nínú eléyìí nìkan, ọmọ tó ń wò ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ méjì tí agbárí ara ògiri kò kọ́ ẹnikẹ́ni rí: pé ojú kì í mọ ẹni tó ní in, àti pé ẹni tó ní in kò tíì kú.

Àwọn ọmọdé inú eré náà tún wú wa lórí. Sharon Ezeamaka ló ṣe Princess, Olumide Oworu ló ṣe Weki ọ̀rẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì ṣì kéré nígbà náà. Bí ọmọ ṣe ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ń purọ́ nítorí ìtìjú, wọ́n ń ṣe bí ẹni pé àwọn mọ ohun tí wọn kò mọ̀, wọ́n ń dákẹ́ níbi tó yẹ kí wọ́n ti béèrè. Ọ̀pọ̀ eré tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ọ̀dọ́ ní ilẹ̀ wa, ẹnu ọmọdé ni, ọ̀rọ̀ àgbà ni wọ́n kó sí i. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ìtàn ọkọ tó ń fìyà jẹ ìyàwó rẹ̀ náà wà níbẹ̀, a sì yìn ín pé kò fi oyin lẹ́nu rárá. Ní ti Tiwa Savage olórin tó kópa nínú rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ló fa èrò wá. Ẹ̀yin tí ẹ nífẹ̀ẹ́ orin rẹ̀, ẹ má bínú sí wa.

Ibi tí eré náà ti kù díẹ̀ káàtó wá ńkọ́? Èkó tí wọ́n fi hàn wá kọ́. Èkó ti òdìkejì omi ni, ilé àríyá, ọkọ̀ tó ń dán, iná aláwọ̀ mèremère. Bí ẹ bá dúró sí Orílé Iganmu ní ìrọ̀lẹ́, ní abẹ́ afárá níbi tí ọ̀nà Badagry ti yà, ẹ ó rí ọmọbìnrin tó gbé omi inú ọ̀rá lérí tó ń sáré tẹ̀lé dánfó, ẹ ó rí ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀ tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé nítorí àìsówó ọkọ̀. Àwọn wọ̀nyí náà ni ọkùnrin ń tàn. Àríyá kọ́ ni wọ́n fi ń tàn wọ́n, owó ìdánwò ni, owó dátà ni, oúnjẹ alẹ́ ni. Shuga mọ̀ pé ẹ̀bùn lè di ìdẹ, orúkọ rẹ̀ pàápàá ń sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ bí ẹ̀bùn ọ̀hún ṣe máa ń kéré tó. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló sì gba ilé náà kan; Yorùbá ń gba ibẹ̀ kọjá bí ẹni tó ń tọrọ ọ̀nà. Kò sí ìdílé Mùsùlùmí tí ìtàn náà dúró lé lórí. A kò fi èyí bínú, nítorí ìlú ńlá kò ṣeé kó sínú apá mẹ́jọ.

Ohun tó dùn wá jù ni ti ilé. Àwọn òbí inú eré yìí kì í pẹ́ lójú wa. Bí wọ́n bá yọjú, láti dí ọ̀nà ni, tàbí láti béèrè ibi tí ọmọ ti ń bọ̀ lẹ́yìn tí ó ti dé tán. Ẹgbẹ́ ni ọmọ ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún, ẹgbẹ́ náà ló sì ń dá a lóhùn, afọ́jú ń fi ọ̀nà han afọ́jú. A rántí Gbọ̀ngàn Ìṣeré tó wà ní Iganmu wa níhìn-ín, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1976, tí ìjọba sì fi orúkọ Wole Soyinka pè ní ọdún 2024. Ní ọjọ́ Iléyá àti ọjọ́ Ìtúnu Àwẹ̀ láyé àtijọ́, bàbá, ìyá àtàwọn ọmọ ló jọ ń wọ aṣọ tuntun lọ síbẹ̀ láti wo sinimá Yorùbá. Bí nǹkan ìtìjú bá kọjá lójú ìran, ìyá á wúkọ́, bàbá á wo òkè, ṣùgbọ́n ọmọ ti rí i pé wọ́n rí i. Fóònù kò ní ìyá tó ń wúkọ́ nínú.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣe ẹ̀tọ́ fún àwọn tó kọ ìtàn náà. Ṣé wọ́n lé òbí jáde ni, àbí bí wọ́n ṣe bá ilé wa ni wọ́n ṣe yà á? Mélòó nínú wa ló ti pe ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún jókòó láti bá a sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀? A máa ń sọ pé ìtìjú ni, pé ẹ̀sìn wa kò fẹ́ ọ̀rọ̀ rírùn. Bẹ́ẹ̀, iwájú Ànábì wa gan-an, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ni àwọn obìnrin Ansar ti ń béèrè ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù àti ìwẹ̀ jánábà, Aisha ìyá àwa onígbàgbọ́ òdodo sì yìn wọ́n pé ojú kò tì wọ́n láti wá ìmọ̀. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá dákẹ́ ní ilé wa, a ò lè bi eré pé kí ló dé tí kò gbọ́ ọ níbẹ̀.

Ìwádìí kan wà tó yẹ kí àwọn tó ń pè é ní eré àgbèrè gbọ́. Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, Abhijit Banerjee tó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2019 wà lára wọn, pẹ̀lú Eliana La Ferrara àti Victor Orozco, gbé ìpele yìí gan-an lọ sí nǹkan bí ibùdó 80 ní ilẹ̀ Yorùbá, Èkó wà nínú rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ọmọ ọdún 18 sí 25, tí iye wọn tó nǹkan bí 5,000, ni wọ́n kó jọ. Àwọn kan wo Shuga. Àwọn yòókù wo Gidi Up, eré Èkó mìíràn tí kò sọ̀rọ̀ àrùn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, àwọn tó wo Shuga ni wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò HIV ní ìlọ́po méjì àwọn ìyókù. Láàárín àwọn obìnrin, àrùn ìbálòpọ̀ tí wọ́n ń pè ní chlamydia dínkù ju ìdajì lọ. Àyẹ̀wò ló ń sọ èyí, kì í ṣe ẹnu.

Ẹ̀sùn tí a sì ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn òbí ni pé eré náà yóò kọ́ àwọn ọmọ ní rọ́bà, pé yóò fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ láti dẹ́ṣẹ̀. Ìwádìí yìí kan náà kò rí i pé lílo rọ́bà pọ̀ sí i rárá. Ohun tó yí padà ni pé àwọn tó wò ó dín iye ẹni tí wọ́n ń bá lò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kù. Rọ́bà wà lára ohun tí àwọn tó ṣe eré náà fẹ́ kí wọ́n gbà, wọn kò gbà á. Àwọn ọ̀dọ́ mú ohun tó sún mọ́ ìfẹ́ ọkàn òbí jù nínú rẹ̀. Àwa kò mọ eré mìíràn ní Èkó tí a lè sọ irú rẹ̀ nípa rẹ̀.

Apá mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kò ju bí ìṣẹ́jú méjìlélógún lọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, MTV sì fi wọ́n sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ìran kan wà nínú rẹ̀ tí òbí yóò fẹ́ kọ́kọ́ dá wò kí ó tó pe ọmọ. Kò yẹ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìnlá wò ó rárá, èrò tiwa nìyẹn. Ẹni tí kò bá ráyè wo gbogbo rẹ̀, kí ó wo ìtàn Femi.