Gbèsè, Ìtìjú àti Tíọ́rì: Ìmọ̀ Ìbágbépọ̀ Ẹ̀dá ní Òṣogbo àti Iléṣà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àjèjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òwe yìí kò ní kí a lé àjèjì. Ohun tí ó ń sọ ni pé kí onílé máa fi ọ̀nà hàn án. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ tíọ́rì tí a mú ti òkèèrè wá rí. Ó lè tan ìmọ́lẹ̀ sí ìṣòro wa, ó sì lè jẹ́ kí a ṣi ìṣòro náà mọ̀. Ìṣòro méjì tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni ni a lè fi dán an wò, èyíinì ni gbèsè àti owó òjijì.

Ní 1904 àti 1905 ni Max Weber, onímọ̀ ará Jámánì, kọ ọ́ pé ìgbàgbọ́ àwọn ìjọ Kírísítẹ́nì kan ni ó sọ aápọn àti ìṣúnwóná di ìwà, tí òwò ńlá fi gbèrú ní Yúróòpù. Ẹni tí ó bá gbé tíọ́rì yìí dé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà yóò rò pé òun ti rí ẹ̀rí tí òun ń wá lára àwọn Òṣómàáló, àwọn oníṣòwò aláápọn tí wọ́n ń ru aṣọ lọ sí Èkìtì àti ìlú mìíràn, tí wọ́n ń tà á láwìn. Ṣùgbọ́n orúkọ wọn gan-an kò gba èyí. Ẹni tí ó lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ajigbèsè, tí ó sì ní òun kò ní dìde títí òun yóò fi gba owó òun, ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe inú ìwé ìsìn kankan ni wọ́n ti kọ́ ọ. Samuel Johnson ti ṣàpèjúwe ológò nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921: ẹni tí olówó rán lọ dógò ti ajigbèsè nílé títí a ó fi san gbèsè. Àṣà àtijọ́ ni Òṣómàáló sọ di irinṣẹ́ òwò tuntun.

J. D. Y. Peel, tí ó ṣe ìwádìí ní Iléṣà ní àárín ọdún 1970 sí 1979, kò jìn sí kòtò yìí. Nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti 1978, ọ̀rọ̀ kan tí ó gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn ni ó mú ṣe òpó àlàyé rẹ̀: ọ̀làjú. Ìmọ̀ tí a rí he lẹ́yìn odi, tí a mú wálé láti fi tún ìlú ṣe, ni ọ̀làjú. Irú èrò bẹ́ẹ̀ ni ó hàn nígbà tí Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe dá Ilesa Grammar School sílẹ̀ ní 1934. Iṣẹ́ ńlá ni Peel ṣe. Síbẹ̀, ọ̀làjú nìkan kò tó. Ohùn ẹni tí ọjà tà fún ni ó ròkè nínú ọ̀rọ̀ náà. A kò gbọ́ ohùn ẹni tí a lóṣòó tì.

Òṣogbo ni a ti lè rí àfikún rẹ̀. Ní 1938, Louis Wirth sọ ní Amẹ́ríkà pé ìlú ńlá a máa tú okùn ẹbí. William Schwab wá ṣe ìwádìí ní Òṣogbo, ó sì rí i pé ìlú náà tóbi, síbẹ̀ ìdílé ṣì dúró digbí. Èyí ni àṣírí ìlóṣòó. Ojú agbo ilé ni ó ń ti ajigbèsè, agbo ilé kan náà ni olórí ẹbí ti lè bẹ olówó, tí wọ́n sì lè dá owó jọ. Ìtìjú ń bẹ, onílàjà sì ń bẹ.

Ní ti owó òjijì, Karin Barber, tí ó bá ẹgbẹ́ òṣèré Oyin Adéjọbí ti Òṣogbo ṣeré, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde ní 1982. Ó fi hàn pé owó epo rọ̀bì kò dà bí owó kòkó, nítorí pé àwọn ènìyàn kò rí òógùn tí a là kí ó tó dé. Ìdí nìyí tí ọlọ́rọ̀ òjijì fi ń jọ olè tàbí olóògùn owó lójú òṣèré. Àlàyé yìí ta yọ ti Robert Merton, tí ó sọ ní 1938 pé bí àwùjọ bá gbé ọrọ̀ ga, tí ó sì dí ọ̀nà rẹ̀ mọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀, àwọn kan yóò gba ẹ̀bùrú. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n owó nìkan kọ́ ni ọlá lọ́dọ̀ Yorùbá. Ènìyàn ni ọlá. Olówó òjijì ní láti ra àwọn tí yóò yí i ká, àwa tí a ń jó lóde àríyá rẹ̀ láìbéèrè orísun owó náà sì ń bá a gbé ẹrù ẹ̀bi.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àtijọ́ nìkan. Lónìí, àwọn ayánilówó orí fóònù kan ń fi ọ̀rọ̀ àbùkù nípa ajigbèsè ránṣẹ́ sí gbogbo ojúlùmọ̀ rẹ̀, títí ìjọba fi gbé ìlànà kalẹ̀ lórí wọn ní 2022. Ẹni tí ó bá rí ìwà wọn lè ní ìlóṣòó ni wọ́n ń ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìtìjú ni wọ́n jogún, wọn kò jogún onílàjà. Ẹni tí ó lóṣòó ń wo ojú ajigbèsè, àgbà ilé sì lè bá a sọ̀rọ̀. Fóònù kò ní ojú tí a lè wò, kò sì mọ ẹ̀bẹ̀.

Tíọ́rì tí kò bá lè fi ìyàtọ̀ yìí hàn kò tí ì wọlé tọ̀ wá. Kí onímọ̀ ka Weber àti Merton, kí ó sì kà wọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n ọ̀làjú, ọlá, ìtìjú àti ìlàjà ni kí ó fi wọ̀n wọ́n. Bí ìwọ̀n náà bá gbé wọn, kí ó gbà wọ́n lálejò. Bí kò bá gbé wọn, kí ó má ṣe gé ẹsẹ̀ ajigbèsè kúrú nítorí bàtà tí a rán sí òkèèrè.