Ẹni Tó Ń Tọ́jú Gìtá

Tírélà ni gìtá Metallica, ẹgbẹ́ olórin heavy metal, fi ń rin ìrìnàjò. Inú àpótí líle ló ń wà, pẹ̀lú fóòmù tí wọ́n gé bá ìrísí rẹ̀ mu, kó má baà ráyè mì. Nígbà tí wọ́n bá ti àpótí náà wọ gbọ̀ngàn lórí táyà kéékèèké tó wà nídìí rẹ̀, ẹni tó ń tọ́jú gìtá kì í sáré. Igi ni gìtá. Bí tírélà bá la òru tútù kọjá, tí gbọ̀ngàn sì móoru, òtútù ara igi kò ní kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn yòówù tí èèyàn bá sì tò nígbà yẹn yóò ti yẹ̀ kó tó di wákàtí kan. Nítorí náà, àpótí á kọ́kọ́ dúró. Olùtọ́jú á lọ to wáyà rẹ̀, á tẹ́ aṣọ sórí tábìlì iṣẹ́, á kó púláyà, áléǹkíì àti sukurúdiráfà jáde, á tan iná kékeré tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò kọjá orí tábìlì náà.

Ariwo ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbọ́ nínú orin heavy metal. Èmi náà gbádùn ariwo yẹn, ṣùgbọ́n ohun tó wù mí jù ni ìfarabalẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá wọn sókè máa ń fún ohùn náà pọ̀ títí yóò fi ha, kò sì sí àbùkù tó kéré tí kò ní gbé jáde. Bí okùn kan bá rẹlẹ̀ díẹ̀ sí èkejì, nínú orin jẹ́jẹ́ ó lè má hàn. Níbí, ohùn méjèèjì á máa bá ara wọn jà, wọn á máa gbọ̀n wìrìwìrì.

Ìdí okùn ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Mẹ́fà ni wọ́n, irin ni gbogbo wọn. Mẹ́ta tó nípọn ní wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n wé mọ́ wọn lára láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òógùn ọwọ́ olórin máa ń wọ àárín wáyà yẹn, iyọ̀ inú òógùn á jẹ irin, ohùn tó já gaara lánàá á sì kú tì. Olùtọ́jú á tú okùn àná kúrò, á fi aṣọ gbígbẹ nu àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá, lẹ́yìn náà ni yóò ki okùn tuntun bọ ihò. Á jẹ́ kó dẹ̀ ní ìwọ̀n tí yóò fi lè lọ́ mọ́ ìdè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Bó bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, okùn á máa sún. Bó bá kéré jù, ó lè bọ́. Ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún ń tẹ okùn mọ́lẹ̀, ọwọ́ òsì ń lọ́ ọ, ìlọ́po kọ̀ọ̀kan sì ń sùn sábẹ́ èyí tó ṣáájú rẹ̀ láìgun ara wọn.

Fífà ló kàn. Okùn tuntun kò tíì mọ ipò rẹ̀. Olùtọ́jú á mú un láàárín, á fà á kúrò lára igi, á jọ̀wọ́ rẹ̀, á wo ẹ̀rọ tó ń wọn ohùn: ó ti rẹlẹ̀. Á lọ́ ọ padà sókè, á tún fà á. Ó tún rẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó ti àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe é títí okùn náà kò fi ní rẹlẹ̀ mọ́. Bó bá ṣèèṣì lọ́ ọ kọjá ààlà, kì í kàn dá a padà díẹ̀ kó fi í sílẹ̀. Á mú un wálẹ̀ dáadáa, á sì tún ti ìsàlẹ̀ gòkè wá bá ohùn náà, nítorí okùn tí a fà gòkè ló ń dúró. Onílù dùndún tó ń fa ọ̀ṣán ìlù rẹ̀ wò kí òde tó gbóná yóò dá iṣẹ́ yìí mọ̀.

Okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń fa ọrùn gìtá síwájú, ọ̀pá irin kan tó wà nínú igi sì ń dá a dúró. Olùtọ́jú á tẹ okùn tó nípọn jù mọ́ irin àkọ́kọ́ àti èyí tó wà nísàlẹ̀ ọrùn, á wá tẹjú mọ́ àlàfo tó kù láàárín wọn. Bébà díẹ̀ ló yẹ kó lè gba ibẹ̀. Bí àlàfo náà bá fẹ̀ jù, á fi áléǹkíì yí ọ̀pá irin yẹn, kò ní tó ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo kan, á sì dúró kí igi gbọ́. Ibí yìí gan-an ni ìrìnàjò ti ń fojú igi rí nǹkan: ìlú olójò á mú un wú, ìlú gbígbẹ á mú un súnkì, ọwọ́ kan náà ló sì gbọ́dọ̀ mú un dọ́gba lálaalẹ́.

Ohun èlò EMG ló ń gba ìró okùn nínú gìtá James Hetfield, ẹni tó ń kọrin fún Metallica, bátìrì 9-volt ló sì ń gbé e ṣiṣẹ́. Bátìrì tó fẹ́ kú kì í kígbe. Ohùn á kọ́kọ́ rù, á wá máa já. Olùtọ́jú kì í dúró de ìyẹn.

Gìtá kan kò sì tó. Ohùn tí “Sad But True” gbà rẹlẹ̀ sí ti àwọn orin tó yí i ká, kò sì sí àyè láti máa lọ́ okùn níwájú èrò. Olùtọ́jú á ti to gìtá mìíràn sílẹ̀, á lẹ ìwé orin alẹ́ ọjọ́ náà mọ́ orí àpótí, á fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Bí orin bá ṣe ń parí lọ, á wo ẹ̀rọ tó ń wọn ohùn lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí gìtá ọwọ́ rẹ̀ ṣì dákẹ́. Iná ìtàgé á pa. Á bọ́ síta, á gba ti tẹ́lẹ̀ lọ́rùn olórin, á fi tuntun kọ́ ọ, á jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ bà lé okùn, á padà sínú òkùnkùn. Èrò kì í rí i, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe fẹ́ ẹ.

Ayọ̀ rẹ̀ kì í pẹ́. Kí èrò tó jáde tán, àwọn àpótí ti ń yí padà lọ sínú tírélà, àwọn èèyàn á sì wọ bọ́ọ̀sì olóru. Ní ìdájí ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 1986, bọ́ọ̀sì Metallica kúrò lójú títì nítòsí Ljungby ní orílẹ̀-èdè Sweden, ó sì dojú dé. Stockholm ni wọ́n ti ṣeré lálẹ́ àná, Copenhagen ni wọ́n ń lọ. Cliff Burton tó ń lu gìtá báàsì kú, ọmọ ọdún 24. Káàdì ni òun àti Kirk Hammett, tó ń lu gìtá nínú ẹgbẹ́ náà, fi pinnu ẹni tí yóò sùn sí ibùsùn kan. Burton ló jẹ. Mi ò lè rántí káàdì yẹn kí inú mi má bàjẹ́. Nínú oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n ti wà lórí ìtàgé ní Jàpáàn pẹ̀lú Jason Newsted, tó gba ipò Burton. Ẹnìkan ti ní láti ṣí àpótí níbẹ̀, kó fa okùn, kó dúró kí igi gbọ́.

Ọdún yẹn kan náà ni Hetfield ṣubú lórí skateboard, tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́. Ó lè kọrin, kò lè lu gìtá. John Marshall, tó ń bá wọn tọ́jú gìtá nígbà náà, ló gbé e kọ́rùn dípò rẹ̀.

Wọ́n tún wá a lọ́dún mẹ́fà lẹ́yìn náà. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ ọdún 1992, ní pápá ìṣeré Olympic ní Montreal, Hetfield ń lu “Fade to Black” nígbà tí iná tí wọ́n ń yìn lórí ìtàgé ru sókè níbi tó dúró sí, ó sì jó apá òsì rẹ̀ gidigidi. Ìrìnàjò dúró. Nígbà tó tún bẹ̀rẹ̀ ní Phoenix ní ọjọ́ 25 oṣù náà, Hetfield ń kọrin pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì dì, Marshall, tó ti di ọmọ ẹgbẹ́ Metal Church, ló sì dúró sídìí gìtá.

Ipò ọ̀hún kò rọrùn láti dì mú. Nínú ọ̀pọ̀ orin wọn, Hetfield kì í fi píìkì gbá okùn lọ kó tún gbá a bọ̀; ìsàlẹ̀ nìkan ló ń gbá a sí, kíákíá, láìsinmi, pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́ tó ń tẹ okùn mọ́lẹ̀ kí ìró kọ̀ọ̀kan lè gé ṣákáṣáká. Ọrùn ọwọ́ tí kò bá mọ́ ọn lára á ti le gan-an kí orin kan tó parí. Marshall gbá a bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, láti ìlú dé ìlú, títí ọwọ́ Hetfield fi san tó sì gba gìtá rẹ̀ padà.