Ẹ̀rín àti Idà nínú Sinimá *Sanjuro*

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. *Sanjuro*, sinimá tí Akira Kurosawa, ará Japan, gbé jáde ní ọdún 1962, ta ko òwe yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọ̀dọ́ sàmúráì mẹ́sàn-án ni ó fẹ́ gbógun ti ìwà ìbàjẹ́ nínú ìjọba ìlú wọn. Wọn kò gbẹ́kẹ̀ lé Mutsuta, olóyè tí ojú rẹ̀ gùn bí ojú ẹṣin. Kikui tí ó rí bí ọmọlúàbí ni wọ́n finú hàn. Kikui yìí gan-an sì ni ọ̀dàlẹ̀. Sanjuro, jagunjagun alárìnkiri tí ó dọ̀tí, tí ó ń yán, tí ó ń họra, ni ó là wọ́n lójú. Toshiro Mifune ni ó ṣe ipa yìí.

Ẹ̀fẹ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe ti àsọrégèé. Láti inú ìwà ni ó ti ń jáde. Wọ́n mú ọ̀tá kan, wọ́n tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tí ìròyìn ayọ̀ dé, òun náà jáde, ó bá wọn yọ̀. Bí ó ti rántí pé ìgbèkùn ni òun wà, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà wọlé. Ìyàwó Mutsuta pẹ̀lú, tí ẹ̀yìn Sanjuro di àkàsọ̀ fún láti fo ògiri, ni ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé inú àkọ̀ ni idà rere ń gbé. A rẹ́rìn-ín, a sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà.

Ní ìparí, Sanjuro fi idà kan ṣoṣo pa Hanbei Muroto, ẹ̀jẹ̀ sì tú jáde bí omi. Àwọn ọ̀dọ́ yìn ín. Ó jágbe mọ́ wọn. Ó ní bákan náà ni òun àti òkú náà rí: idà tí kò ní àkọ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé ẹ̀jẹ̀ yìí ba àwàdà náà jẹ́. Èrò tiwa yàtọ̀. Ẹ̀rín ni ó mú wa jókòó ti àwọn ọ̀dọ́ náà, tí àwa pẹ̀lú fi fẹ́ kí idà yọ. Nígbà tí ó yọ, ojú tì wá. Àléébù kan wà: yàtọ̀ sí Izaka, olórí wọn, ó ṣòro láti dá àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán mọ̀ yàtọ̀ sí ara wọn.

Àwa olùkọ́ sábà máa ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé ìdárayá lásán ni ẹ̀fẹ̀ wà fún. Ẹni tí ó bá wo *Sanjuro* dé òpin yóò tún ẹ̀kọ́ náà kọ́.