Ààrá Tiwa àti Ààrá Àlejò: Àríwísí lórí Eré "Ọba Kò So" àti Sinimá "Ṣàngó"

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, ní ìlú Awo tí kò jìnnà sí Ẹdẹ, àwa bí mẹ́jọ, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, jókòó wo sinimá kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà. Ìtàn Thor ni, alágbára tí ń fi òòlù sán ààrá. Sinimá náà kò tíì tán tí iyàn fi bẹ́ sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní àwọn tí wọ́n ṣe é ti ba ìtàn jẹ́, nítorí pé ohun tí òun kà nínú ìwé àwòrán kọ́ ni òun ń wò yìí. Òmíràn ní ìyẹn kò dun òun. Ohun tí ó dun òun ni pé ẹni tí ó lè fa mànàmáná láti ojú ọ̀run ń fi ẹ̀ṣẹ́ lásán jà títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, kí ó tó rántí pé òun ní mànàmáná. Wọ́n jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Baba onílé, ọmọ bíbí Ẹdẹ tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ni ó pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ààrá àlejò ni ẹ ń torí rẹ̀ jà yìí. Ààrá tiwa ńkọ́? Ta ni nínú yín tí ó ti bi Dúró Ládiípọ̀ ní irú ìbéèrè tí ẹ ń bi àwọn òyìnbó yìí?" Akẹ́kọ̀ọ́ kan dáhùn pé, "Baba, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ̀yin gan-an gbà pé Tìmì sùn?" Baba rẹ́rìn-ín, kò sọ nǹkan kan. Ìbéèrè yẹn ni ó bí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé sọ.

Bí a bá fara balẹ̀ wò ó, ẹ̀sùn méjì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà fi kan sinimá wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ariwo kan náà ni wọ́n jọ ń pa. Ẹ̀sùn kìíní ni pé eré kò tẹ̀lé ìtàn tí a ti mú un jáde. Èkejì ni pé eré kò tẹ̀lé ara rẹ̀: ohun tí ó sọ fún wa ní ìbẹ̀rẹ̀, ó gbàgbé rẹ̀ kí ó tó dé òpin. Ẹ̀sùn méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà rárá. Eré lè yí ìtàn àtijọ́ padà kí ó sì dúró gbọn-in lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Eré sì lè tẹ̀lé ìtàn láìfi nǹkan kan sílẹ̀, kí ó má sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tí ó bá da méjèèjì pọ̀ yóò dá aláìṣẹ̀ lẹ́bi, yóò sì dá ẹlẹ́ṣẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo Thor náà. Àwọn ènìyàn ìhà àríwá Yúróòpù ni wọ́n ń bọ ọ́ kí ẹ̀sìn Kristi tó gba ilẹ̀ wọn. Nínú ìtàn wọn, onírùngbọ̀n pupa ni. Ní 1962, àwọn òṣìṣẹ́ Marvel ní Amẹ́ríkà fi í sínú ìwé àwòrán; irun orí rẹ̀ di aláwọ̀ wúrà, irùngbọ̀n rẹ̀ sì dàwátì. Ní 2011 ni wọ́n gbé e wọ inú sinimá tirẹ̀. Àwọn tí ń jiyàn lónìí pé sinimá ti da òtítọ́, ìwé àwòrán ni wọ́n ń pè ní òtítọ́; bẹ́ẹ̀ ni ìwé àwòrán ọ̀hún pàápàá ti kọ́kọ́ yí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà padà. Nítorí náà, kí a tó sọ pé eré kan kò ṣòótọ́ sí ìtàn, ó yẹ kí a béèrè pé: ìtàn láti ẹnu ta ni?

Ìbéèrè yìí gan-an ni ó dojú kọ wá nínú ọ̀rọ̀ Ṣàngó. Ní 1963, ọdún kan lẹ́yìn tí Thor wọ inú ìwé àwòrán, Dúró Ládiípọ̀ gbé Ọba Kò So kalẹ̀ ní Òṣogbo. Nínú eré náà, àwọn jagunjagun méjì, Tìmì àti Gbọ̀ńkáà, di ẹrù lórí Ṣàngó, Aláàfin Ọ̀yọ́. Ọba fi ọgbọ́n rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ. Tìmì sì gbilẹ̀ níbẹ̀. Ọba rán Gbọ̀ńkáà lọ mú un wá. Gbọ̀ńkáà fi ọfọ̀ mú un sùn, ó gbé e dé Ọ̀yọ́. Wọ́n tún jà níbẹ̀, Gbọ̀ńkáà sì pa Tìmì. Agbára wá wọ Gbọ̀ńkáà lára ju ti ọba lọ; Ṣàngó bínú, iná rẹ̀ sì jó àwọn ènìyàn òun fúnra rẹ̀. Ó fi ìlú sílẹ̀, gbogbo ènìyàn kọ̀ ọ́, ó bọ́ sí ìdí igi àyàn ní Kòso.

Ẹ̀sùn kìíní tí a lè fi kan eré yìí ni ti ọba. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí ó parí ní 1897 tí a sì tẹ̀ ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀, kò fi Tìmì sí ayé Ṣàngó. Ayé Aláàfin Kòrí ni ó fi í sí. Gẹ́gẹ́ bí ó ti tò wọ́n, lẹ́yìn Ṣàngó ni Àjàká tún padà jọba, tí Aganjú sì jẹ tẹ̀lé e, kí ó tó kan Kòrí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Ládiípọ̀ ni ó kọ́kọ́ mú wọn pàdé. Ìwé kíkà Yorùbá tí A. L. Hethersett ṣe fún ilé-ìwé ti so Tìmì àti Gbọ̀ńkáà mọ́ Ṣàngó ṣáájú, ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé ayé ìgbà náà ni ó sì ti ibẹ̀ mọ ìtàn náà. Bí ẹnì kan bá wí pé Ládiípọ̀ kò tẹ̀lé ìtàn, ti Johnson ni kò tẹ̀lé.

Ǹjẹ́ ìsopọ̀ yìí ṣe eré ní àǹfààní? Ó ṣe é. Bí a bá yọ Tìmì àti Gbọ̀ńkáà kúrò, ìṣubú Ṣàngó yóò dà bí jàm̀bá lásán: Johnson sọ pé ó ń dán oògùn ààrá wò lórí òkè ni ààrá fi ba ààfin rẹ̀, tí ó sì pa àwọn aya àti ọmọ rẹ̀. Ìbànújẹ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ tí ó ń bá ọba fà á. Nígbà tí a fi àwọn jagunjagun méjì sí i, ìṣubú náà ní gbòǹgbò. Ọba fẹ́ fi ẹ̀tàn mú ẹrù kúrò lórí, ẹ̀tàn náà sì di ẹrù tí ó wúwo jù. Àìtẹ̀lé ìwé níhìn-ín ni ó mú kí eré tẹ̀lé ara rẹ̀.

Ẹ̀sùn kejì ni ti àwọn ará Ẹdẹ. Tìmì Àgbàlé, Ọlọ́fà-iná, tí a ń fi orúkọ rẹ̀ jọba ní Ẹdẹ títí di òní, ṣe ó yẹ kí ẹnu lásán mú irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ sùn? Ẹni tí kò mọ ìṣe Yorùbá lè sọ pé ibi tí ìtàn ti já nìyí. Èmi kò gbà. Láàrin wa, ohùn kì í ṣe ohun tí ó kéré sí ọfà. Ẹni tí ó mọ orúkọ nǹkan mọ bí yóò ti pàṣẹ fún un. Eré náà kò sì fi èyí pa mọ́ kí ó tó ṣẹlẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni oríkì àti ọfọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Bí òǹwòran bá ti gbà pé oríkì lè gbé ọba dìde, kò lè kọ̀ kí ọfọ̀ dá jagunjagun dùbúlẹ̀. Ìjà kejì ní Ọ̀yọ́ ni ó yẹ kí a bá Ládiípọ̀ jiyàn lé lórí. A ti mọ ẹni tí yóò borí, a sì ti mọ ọ̀nà tí yóò gbà borí. Òtítọ́ ni pé ìtàn àwọn àgbà ní ìjà náà nínú. Ṣùgbọ́n nípa títẹ̀lé ìtàn, eré sọ ìdúródè wa nù. Ẹ wò ó bí àwọn ẹ̀sùn méjèèjì ti lè dojú kọ ara wọn.

Ẹ̀sùn kẹta ni ó jọ ti Thor jù lọ. Ọba tí iná ń yọ lẹ́nu rẹ̀, kí ni ó ń fi ẹ̀tàn wá? Bí àwọn ọmọ ogun méjì bá di ẹrù sí i lọ́rùn, kí ló dé tí kò sán ààrá lù wọ́n lọ́jọ́ kan ṣoṣo kí eré parí? Mo gbọ́ ìbéèrè yìí ní Awo, ẹni tí ó bi í sì rò pé òun ti ká Ládiípọ̀ mọ́. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú eré fúnra rẹ̀. Iná Ṣàngó kò mọ ẹnì kan yà sọ́tọ̀. Ó dára fún ọ̀tá tí ó dúró lókèèrè. Nílé, láàrin ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ẹni, kò ṣeé lò. Ọba mọ èyí, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ó fi ń dá ọgbọ́n. Ọjọ́ tí ó gbàgbé ni ó pa àwọn tí ó yẹ kí ó dáàbò bò. Nítorí náà, ohun tí a pè ní àléébù ni òpó tí ó gbé ilé ró. Nínú sinimá àlejò tí a wò, alágbára gbàgbé agbára rẹ̀ kí ìjà lè pẹ́. Nínú Ọba Kò So, ó rántí agbára rẹ̀, ó sì bẹ̀rù rẹ̀.

Ó ku ẹ̀sùn tí ó le jù. Ní Ẹdẹ, a kì í sọ̀rọ̀ Ṣàngó gẹ́gẹ́ bí ìtàn ìwé àwòrán. Àwọn tí ń bọ ọ́ wà láàyè. Wọ́n ní ọba kò so. Àlùfáà ìjọ Kristi ni Johnson, òun ni ó sì kọ ọ́ pé ọba so. Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ọ́ pé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ba orúkọ Ṣàngó jẹ́. Ládiípọ̀ kò fi ikú náà pa mọ́, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀rọ̀ àwọn olùbọ̀ ṣe orúkọ eré rẹ̀, ó sì jẹ́ kí ohùn wọn gbẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ olùbọ̀ lè sọ pé èyí kò tó, n kò sì ní ẹnu láti já wọn ní koro. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó fún wọn ní àyè láti fọhùn, Johnson kò sì ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀ràn àyè láti fọhùn ni ó mú mi dé ọ̀dọ̀ sinimá Ṣàngó tí Ọbáfẹ́mi Láṣọdẹ ṣe ní 1997, tí Wálé Ògúnyẹmí kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni. Àwọn tí kò lè rí eré orí ìtàgé rí Ṣàngó nípasẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn kan ní kí ayé lè gbọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé ní 1964, wọ́n ṣe Ọba Kò So ní Berlin ní Jámánì, ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú ìlù bàtá. Kì í ṣe èdè àjèjì ni ó gbé e dé ibẹ̀. Sinimá lè ní ààfin, ẹṣin àti iná ju ìtàgé lọ. Bí Ṣàngó bá fi Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ, ohun tí ó jẹ́ kí a gbà pé ọ̀rọ̀ lè mú Tìmì sùn ti lọ. Àìṣòótọ́ sí ìtàn nìyí, ó sì tún jẹ́ àléébù nínú eré, nítorí pé ọfọ̀ tí a túmọ̀ di ọ̀rọ̀ lásán.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju èyí lọ. Ìṣòótọ́ kò dúró lórí orúkọ ọba tí ó wà lórí ìtẹ́ nígbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Ìyẹn ni iṣẹ́ òpìtàn. Ìṣòótọ́ eré dúró lórí ohùn tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ fi ń sọ̀rọ̀ àti ìdí tí wọ́n fi ń ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ ilé-ìwé fi Ọba Kò So ṣe ẹ̀rí nínú ìdánwò ìtàn. Ẹ jẹ́ kí ó ka Johnson, kí ó wo eré, kí ó sì lọ gbọ́ tẹnu àwọn olùbọ̀ ní ìgbà ọdún Ṣàngó ní Ẹdẹ. Lẹ́yìn náà ni kí ó wá jiyàn. Iyàn tí ó mọ ẹ̀sùn tí òun ń jà fún dára ju ariwo lọ.

Ní ti akẹ́kọ̀ọ́ tí ó béèrè bóyá Tìmì sùn, ìdáhùn tèmi ni pé nínú eré Ládiípọ̀, ó sùn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Bí àwọn ará Ẹdẹ bá ní kò sùn, kí wọ́n gbé eré tiwọn kalẹ̀, kí wọ́n sì fi èdè tí Tìmì gbọ́ ṣe é. Èmi yóò tún wá láti Awo wò ó.